Oúnjẹ àìsè kò ní kó tutù bí yìnyín: àlàyé fún ẹni tó fẹ́ jẹ ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ láìsè é

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ nílé pé òun ti ń jẹ oúnjẹ àìsè, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé, "Ṣé o ò ní jẹ ohun gbígbóná mọ́ láyé ni?" Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Àmàlà tí èéfín ò rú lórí rẹ̀, àwọn àgbàlagbà kan ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ wá wo ẹni tó wà ní London tàbí Manchester nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún, tí òtútù ń ta á létí, tí wọ́n gbé abọ́ kùkúḿbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde ka iwájú rẹ̀. Mo gbà pé òtútù ló ń lé ọ̀pọ̀ irú wọn padà sídìí ìkòkò, kì í ṣe ebi.

Kò sì di dandan kí oúnjẹ náà tutù. Àwọn tó gbé ọ̀nà ìjẹun yìí kalẹ̀ kò sọ pé ooru ò gbọdọ̀ kan oúnjẹ rárá. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kó má gbóná kọjá ìwọ̀n kan. Lọ́dọ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìwọ̀n náà jẹ́ 118 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ìyẹn nǹkan bíi 48°C. Àwọn tó le koko dúró sí 40°C tàbí 42°C, àwọn míì dúró sí 46°C. Ara èèyàn fúnra rẹ̀ jẹ́ 37°C. Àárín 37 àti 48 yìí ni a ti máa ṣe gbogbo ohun tí a bá fẹ́ ṣe.

Níbo ni wọ́n ti rí 48?

Orí Instagram kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní Zürich, ní ilẹ̀ Switzerland, dókítà kan tó ń jẹ́ Maximilian Bircher-Benner ṣí ilé ìtọ́jú kan lọ́dún 1904, ó sì ń fi èso àti ewébẹ̀ tí a kò sè tọ́jú àwọn aláìsàn níbẹ̀. Òun ló ṣe oúnjẹ tí gbogbo ayé mọ̀ sí muesli lónìí: ápù tí a rin, óòtì tí a rẹ sómi, omi ọsàn wẹ́wẹ́, àti mílíìkì inú agolo. (Iná ti rí mílíìkì yẹn kó tó wọ agolo. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àyè ti wà nínú òfin yìí.) Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ann Wigmore, obìnrin tí wọ́n bí ní Lithuania tó wá ń gbé ní Boston, gbé omi koríko àlìkámà àti irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù lárugẹ. Ní ti ẹ́ńsáìmù, èròjà inú oúnjẹ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fi ààlà sí ooru, Edward Howell, dókítà ará Amẹ́ríkà, ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń tọ́ka sí. Ó ní oúnjẹ tí a kò sè ní ẹ́ńsáìmù tirẹ̀ nínú, pé ẹ́ńsáìmù yẹn ń ran ikùn lọ́wọ́, pé iná ń pa á, àti pé ẹni tó bá ń jẹ kìkì ohun sísè ń ná ẹ́ńsáìmù ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù ni àwọn èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ yára nínú ohun gbogbo tó ní ẹ̀mí. Àwọn ló ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dúdú di pípọ́n. Bí a bá fi ewé ìbẹ́pẹ di ẹran, tí ẹran náà sì rọ̀ kó tó dórí iná, ẹ́ńsáìmù inú ewé náà ló ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni Howell sọ pé ooru ń bà wọ́n jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ ni èyí tó sọ nípa ikùn. Ẹ́ńsáìmù inú kárọ́ọ̀tì, iṣẹ́ kárọ́ọ̀tì ló ń ṣe. Ara wa ń pèsè tirẹ̀ lójoojúmọ́, nínú itọ́ ẹnu, nínú ikùn àti nínú ìfun, kì í sì í tán bí owó inú kóló. Èyí tó bá tinú oúnjẹ wọlé, omi kíkan inú ikùn ló máa tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ palẹ̀ kó tó rí iṣẹ́ kankan ṣe.

Ìwọ̀n 48 pàápàá kì í ṣe ojú ààlà tí gbogbo ẹ́ńsáìmù ti ń kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ bi àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀wà tútù àti ewébẹ̀ dídì. Kí ẹ́ńsáìmù má bàa yí àwọ̀ àti adùn ewébẹ̀ wọn padà nínú yìnyín, wọ́n ní láti kọ́kọ́ rì í sínú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ hó, nítorí àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí 48 kò tu irun kankan lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣèèṣì jẹ́ kí ọbẹ̀ rẹ̀ dé 51 kò pa nǹkan kan. Àdéhùn láàrin àwọn tó ń jẹun bẹ́ẹ̀ ni 48, ó sì wúlò gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀ gbààwẹ̀.

Àǹfààní díẹ̀ wà nínú kí oúnjẹ má rí iná púpọ̀ o. Fítámì C kò fara da ooru, ó sì máa ń ṣàn jáde sínú omi tí a fi se ewébẹ̀, pàápàá bí a bá tún da omi náà nù. Kábéèjì àti aáyù ní ẹ́ńsáìmù kan tó máa ń yọ agbára wọn síta nígbà tí a bá gé wọn, sísè pẹ́ sì ń pa á. Ṣùgbọ́n tòmátì yàtọ̀: èròjà pupa inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní lycopene, ara máa ń rí i gbà dáadáa nígbà tí a bá sè é, tí òróró sì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni èròjà tó ń di fítámì A nínú kárọ́ọ̀tì. Ọbẹ̀ ata tí ìyá yín dín kò jẹ̀bi nǹkan kan.

Báwo ni 45 ṣe rí lẹ́nu?

Ibí yìí ló ti yẹ kí a sọ òtítọ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa retí ohun tí kò ní rí. Oúnjẹ tó wà ní 45°C kì í rú èéfín lọ títí. Kì í jó ahọ́n, ẹ ò sì ní fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ẹ tó gbé e sẹ́nu. Ó ju bí ara yín ṣe gbóná lọ díẹ̀, nítorí náà ẹnu á mọ̀ pé ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ọ̀nà ọ̀fun á sì mọ̀ ọ́n. Omi ìwẹ̀ tó gbóná débi tí a fi ń rọra ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ sábà máa ń wà nítòsí ibẹ̀. Ẹni tí ètè rẹ̀ ti mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná tó ń hó á kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti gbàgbé oúnjẹ òun sórí tábìlì.

Mímu ohun gbígbóná janjan pàápàá kì í ṣe ohun tí a ń pàdánù láìní ìtùnú. Lọ́dún 2016, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohun mímu tó gbóná kọjá 65°C ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun. Ẹni tó bá dúró kí tíì rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ti wà lápá ibi tó dára láìmọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wà ríro ló fi tì í lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mú un lọ́ wọ́ọ́wọ́

Èyí tó rọrùn jù lọ kò nílò iná rárá: ẹ má ṣe jẹ oúnjẹ láti inú fíríìjì tààrà. Tòmátì tó wà ní 5°C àti tòmátì tó wà lórí tábìlì nílùú Ìbàdàn kò ní adùn kan náà. Ẹ yọ ohun tí ẹ fẹ́ lò síta ṣáájú, kó bọ́ lọ́wọ́ òtútù. Ẹ sì da omi gbígbóná sínú abọ́ tí ẹ máa fi jẹun, kó jókòó níbẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ nu abọ́ náà gbẹ. Abọ́ tútù ló máa ń gba gbogbo ooru tí ẹ ti fara ṣe mọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, pàápàá abọ́ amọ̀ tó nípọn.

Fún ọbẹ̀ mímu, ìṣirò kékeré kan wà tó ń gba èèyàn lọ́wọ́ wàhálà. Ẹ lọ tòmátì, tàtàṣé, àlùbọ́sà díẹ̀, ìdajì píà kó lè ki, atalẹ̀ àti iyọ̀. Bí ọbẹ̀ yìí bá tó ife mẹ́ta, tó sì wà ní 25°C bí ilé ṣe sábà máa ń rí ní àárọ̀ nílùú wa, ẹ da ife omi híhó kan sí i, kí ẹ sì máa rò ó bí ẹ ṣe ń dà á. 100 àti ìgbà mẹ́ta 25 jẹ́ 175. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 44°C. Abọ́ á gba díẹ̀ níbẹ̀, ẹnu yín á sì bá a ní nǹkan bíi 40. Nínú ilé tó wà ní 20°C lókè òkun, ìṣirò náà á fún yín ní 40. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde ní 5°C, ife omi híhó kan náà kò ní gbé e kọjá 29. Ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí mo ní kí ẹ yọ ọ́ síta ṣáájú. Kí ẹ lọ̀ ọ́ kó ki dáadáa, nítorí omi ṣì ń bọ̀ wá là á. Àwọn tó le koko lè ní ibi tí omi híhó kọ́kọ́ kàn ti kọjá 48 kí ẹ tó rò ó tán. Òótọ́ ni. Kí wọ́n lo ọ̀nà tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà tó tẹ̀ lé e ni pé kí ẹ gbé abọ́ oúnjẹ sínú abọ́ ńlá tí omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí á fi lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó lọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí bí apá kan á ṣe jinná kí apá kejì ṣì tutù, bí ọwọ́ kò bá dúró. Ó dára fún wàrà ọ̀fìọ̀, fún wàrà àgbọn, fún ọbẹ̀ tó ní ẹ̀pà lílọ̀ nínú.

Ẹ̀rọ blẹ́ńdà náà máa ń mú nǹkan gbóná, láìjẹ́ pé iná kankan wà lábẹ́ rẹ̀. Bí abẹ rẹ̀ ṣe ń fipá yí nínú ọbẹ̀, ìfagbára náà ń di ooru. Àwọn tó lágbára gan-an, irú Vitamix, lè mú ọbẹ̀ rú èéfín láàrin ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Àwọn tó ń jẹ àìsè máa ń dá a dúró kó tó débẹ̀, wọ́n á fọwọ́ kan ara ife rẹ̀ níta: bó bá ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ lọ́wọ́, ó ti tó. Ẹ má gbìyànjú èyí pẹ̀lú blẹ́ńdà kékeré tí a ń fi lọ ata nílé o. Mọ́tò rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbóná, òórùn rọ́bà jíjó ni ẹ máa fi mọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìkòkò lórí gáàsì, iná tó kéré jù lọ ni, kí ṣíbí má sì kúrò nínú rẹ̀. Tẹmómítà oúnjẹ ló dára jù láti fi wọ̀n ọ́n, kò sì wọ́n. Ẹni tí kò bá ní in, kó ta díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ níhà inú, bí a ṣe ń tọ́ wàrà ọmọ jòjòló wò. Bó bá ta yín lára, ó ti kọjá.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbẹ ni olórí ohun èlò nínú ilé ìdáná wọn ní Amẹ́ríkà. Àpótí ni, ó ní pẹpẹ púpọ̀ nínú, fáànù sì ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná kọjá lára oúnjẹ. Òun ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì irúgbìn, ìpékeré tòmátì, àti olú tó rọ̀ bí ẹni pé a dín in. Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé oúnjẹ tútù inú rẹ̀ kì í gbóná tó atẹ́gùn tó ń fẹ́ ẹ. Bí omi ṣe ń fò lọ lára rẹ̀ ló ń mú un tutù, gẹ́gẹ́ bí òógùn tó ń gbẹ ṣe ń tu ara lára. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe máa ń gbé ẹ̀rọ náà sókè ju 48 lọ ní wákàtí àkọ́kọ́, kí omi tètè kúrò, kí wọ́n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n tún ń fi ewébẹ̀ tí a ti fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọwọ́ pa sínú rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kí wọ́n tó bù ú sábọ́. Iyọ̀ á fa omi inú ewé jáde, ewé á sì rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lójú omi.

Ooru tí kì í ṣe ooru

Ata rodo nìyẹn. Lọ́dún 2021, wọ́n fún David Julius, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, àti Ardem Patapoutian ní Ẹ̀bùn Nobel lórí bí ara ṣe ń mọ ooru, òtútù àti ìfọwọ́kàn. Ohun tí Julius fi ṣe ìwádìí tirẹ̀ ni èròjà tó ń mú ata ta. Ó rí i pé ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára iṣan ìmọ̀lára wa tó máa ń ṣí nígbà tí nǹkan bá gbóná tó nǹkan bíi 43°C, àti pé ilẹ̀kùn kan náà ni ata ń ṣí. Fún ahọ́n, ọ̀kan náà ni iná àti ata. Ọbẹ̀ tó wà ní 40°C tí ata rodo wà nínú rẹ̀ á gbóná lẹ́nu ju bí tẹmómítà ṣe máa sọ lọ. Ilẹ̀kùn kan náà ni atalẹ̀ ń kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti ata lọ. Ní ti ìmọ̀ yìí, àwọn òyìnbó tó ń jẹ àìsè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀ ni. Ife wàrà ọ̀fìọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, tí a fi dàbínù mú dùn, tí atalẹ̀ sì pọ̀ nínú rẹ̀, á mú àyà gbóná ní àárọ̀ ọyẹ́.

Ibi tí ewu wà

Àwọn tó ń polówó oúnjẹ yìí kì í sábà sọ èyí, òun sì ni mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Ìwọ̀n tó dùn mọ́ ẹnu wa yìí, òun náà ló dùn mọ́ kòkòrò àrùn. Àwọn aláṣẹ ètò oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ka àárín 4°C sí 60°C sí ibi eléwu, níbi tí kòkòrò ti ń bí sí i kíákíá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fẹ́ràn ìwọ̀n ara èèyàn, ìyẹn 37, jù lọ. Sísè ni wọ́n fi ń pa wọ́n. Ẹni tó mú oúnjẹ dé 42 kò pa ẹyọ kan. Ó tẹ́ ẹní fún wọn ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti mú un lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má gbé e sínú fúlásíìkì lọ síbi iṣẹ́ láti jẹ ní ọ̀sán. Ẹ má fi í pamọ́ kí ẹ tún padà wá mú un gbóná lálẹ́. Òfin tí wọ́n fi sílẹ̀ ni pé kí oúnjẹ tó lè bàjẹ́ má wà níta ju wákàtí méjì lọ, bí ibẹ̀ bá sì gbóná ju 32°C lọ, wákàtí kan péré. Ọ̀sán Èkó nínú oṣù kẹta máa ń kọjá 32 dáadáa. Ẹ fi NEPA kún un: fíríìjì tí iná ti lọ lára rẹ̀ láti àná kì í ṣe fíríìjì mọ́, àpótí ni. Oúnjẹ àìsè kò ní iná tó máa gbà á sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìmọ́tótó nìkan ló ní. Kí omi tí ẹ fi ń fọ ewébẹ̀ jẹ́ omi tí ẹ lè mu, kí pákó tí ẹ fi ń gé ẹran má sì jẹ́ èyí tí ẹ máa gé kùkúḿbà lé.

Irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ló léwu jù nínú wọn, nítorí pé ọ̀rinrin àti ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń mú un hù ló ń mú kòkòrò pọ̀ sí i. Lọ́dún 2011, ní ilẹ̀ Jámánì, àrùn kan tó le gan-an, tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní E. coli ń fà, tú ká. Ó lé ní 3,800 èèyàn tó kó o níbẹ̀, ó sì lé ní 50 tó kú. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ dópin, irúgbìn fenugreek tí wọ́n mú hù, tí àwọn èèyàn jẹ láìsè, ni wọ́n bá a nídìí. Aláboyún, ọmọdé, arúgbó, àti ẹni tí ara rẹ̀ kò lè bá àrùn jà, kí wọ́n má jẹ irúgbìn híhù láìsè rárá.

Ohun tí kò yẹ kó wọ abọ́ yìí

Ẹ̀gẹ́ ni àkọ́kọ́. Májèlé wà nínú rẹ̀ tí rírin, bíbà, fífún àti yíyan ń lé jáde, mímú lọ́ wọ́ọ́wọ́ kò sì lè lé e. Kókò náà kò ṣeé jẹ láìsè, ọ̀fun ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Iṣu, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ̀wà pupa ńlá tí òyìnbó ń fi ṣe ọbẹ̀, tó rí bíi kíndìnrín, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré tí a jẹ láìsè lè mú èèyàn bì, kó sì mú un ṣu láàrin wákàtí díẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé bí a bá mú un gbóná láìjẹ́ kó hó, májèlé rẹ̀ lè le ju ti èyí tí a kò fọwọ́ kàn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn tó ní ìkòkò oníná mànàmáná tó ń sè díẹ̀díẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ se ẹ̀wà náà kó hó gidi. Ẹni tó rò pé ìlọ́wọ́ọ́wọ́ á sàn ju àìsè pátápátá lọ, nípa ẹ̀wà yìí, ó ti ṣìnà.

Àwọn ohun kan sì wà tí èèyàn lè rò pé a kò sè, tí iná sì ti rí wọn rí. Gàrí tí ẹ fi omi tútù mu, inú agbada ló ti wá. Ìrù, ọ̀pọ̀ wákàtí ló lò lórí iná kí wọ́n tó bò ó. Epo pupa, ẹyìn sísè ni wọ́n fún un lára. Kajú, kódà èyí tí wọ́n kọ "raw" sí lára, ooru ni wọ́n sábà máa ń fi la èèpo rẹ̀, nítorí oje èèpo yẹn ń bó ọwọ́. Àwọn tó ń kó o jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n. Álímọ́ńdì California, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni òfin ti wà pé kí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀ kó tó dé ọjà ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kò sè. Óòtì inú agolo ti jẹ nínú ooru omi híhó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pé láìsè nílẹ̀ Yorùbá, àgbọn, ẹ̀pà tútù, ọ̀fìọ̀, yànmọ̀tí, píà, èso àti ewébẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́. Kì í ṣe ìyà, ṣùgbọ́n ó há.

Ṣé gbogbo oúnjẹ ni kó jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Èrò tèmi ni pé rárá. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Giessen ní Jámánì bi 513 èèyàn tó ti ń jẹ oúnjẹ àìsè fún ìgbà pípẹ́ léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1999. Àwọn èèyàn náà ti fọn gidigidi. Nínú àwọn obìnrin tí kò tíì pé ọdún 45, nǹkan bí 30 nínú 100 ni nǹkan oṣù wọn kò lọ déédéé mọ́ tàbí tó ti dáwọ́ dúró. Nínú ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005 lórí 201 èèyàn, 38 nínú 100 ni fítámì B12 kò tó lára wọn. Inú ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà ni B12 máa ń wà, ewébẹ̀ kò ní in, aláìní rẹ̀ sì lè ṣàìlẹ́jẹ̀ tàbí kí iṣan ara rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ kìkì ewéko láìsè fún oṣù púpọ̀ kò gbọdọ̀ máa ṣe é láìlo B12, àti láìjẹ́ kí dókítà máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, náà, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó sọ ewé di oúnjẹ, nítorí fítámì K inú ewé ń bá oògùn yẹn jà.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀nà yìí bá lára mu kì í lo gbogbo rẹ̀. Ìdajì abọ́ wọn jẹ́ ohun tí a kò sè, ìdajì kejì jẹ́ mọ́ínmọ́ín tàbí ẹja. Fún irú wọn, oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ kì í ṣe ìṣòro rárá: ẹ bu ẹ̀wà gbígbóná sórí ewébẹ̀ gígé tó ti kúrò nínú fíríìjì tipẹ́, ooru ẹ̀wà á mú ewé rọ̀, ewé á sì dín ooru ẹ̀wà kù.

Ìbéèrè méjì tí wọ́n máa ń bi mí kù. Tíì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn gba omi gbígbóná tí a fi ewé sí, bíi ewé tíì tàbí efinrin, wọ́n á sì jẹ́ kó rọlẹ̀ kí wọ́n tó mu ún. Àwọn kan kò gbà á. Kò sí ẹni tó máa wá wò yín nílé.

Máíkírówéèfù ńkọ́? Kì í mú oúnjẹ gbóná déédéé. Ẹ̀gbẹ́ kan abọ́ lè dé 70 nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì wà ní 25, nítorí náà kò bá òfin àìsè mu, kò sì pa kòkòrò tán. Ẹni tí kò bá ní nǹkan mìíràn ní yàrá ju òun lọ, kó fi mú omi gbóná, kó da omi náà sínú abọ́ ńlá, kó wá gbé oúnjẹ rẹ̀ lé inú omi náà, kó sì máa rò ó.